Aṣọ Tí Mo Gé ní Hamburg

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tí wọ́n bí àti àwọn tó ṣègbéyàwó fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa bi mí nìyẹn kí ẹ tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Àbúrò mi Àṣàbí ti fa ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn fọ́kọ nílé. Ọmọlúàbí ni ọkọ náà, ó sì ga débi pé ó ní láti tẹ̀ kó tó lè wọ yàrá yín. Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Berlin níbí, ti tún bí ọmọbìnrin lé àwọn ọkùnrin rẹ̀. Táyọ̀, àbíkẹ́yìn mi, èyí tí ẹ pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, ti gbéyàwó ní Hamburg. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni ìyàwó rẹ̀, Hárúkò lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Láti ìhà ìyá rẹ̀, Áì ni wọ́n ń pè é, Táyọ̀ sì sọ fún mi pé ẹlú ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹlú kan náà tí ẹ fi ń rẹ òwú. Ẹ̀jẹ̀ yín ń jẹ́ ẹlú nílùú òyìnbó! Mo ti fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Neukölln títí àwọn èèyàn fi ń sá fún mi.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí. Nígbà tí ẹ wà láyé, àtàǹpàkò ni èmi àti ẹ̀yin jọ ń tẹ̀ sínú ìwé. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí àwọn akọrin bá ti lọ. Àkọ́bí Fúnmiláyọ̀ wá wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó bi mí lédè Jámánì pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní, “Aber Oma, wọ́n ti kú.” Oma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ gàdàgbà. Mi ò mọ ẹni tó máa kà á fún yín níbi tí ẹ wà. Bóyá bàbá wa tí wọ́n mọ̀wé díẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ni, kí wọ́n má ka ibi tí omi ojú mi bá ti kán sí sókè.

Ìyá mi, mo ṣe nǹkan kan ní Hamburg. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí. Ohun tó ń pa mí lára gan-an nìyẹn.

Ọmọ ni mo lọ wẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí Táyọ̀ pè pé Hárúkò ti bí, mo di ẹrù mi, Fúnmiláyọ̀ sìn mí dé Hauptbahnhof, ó fi mí jókòó sínú ọkọ̀ ojúurin, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe bọ́ sílẹ̀ títí n ó fi rí ojú Táyọ̀ níta fèrèsé. Ilé ìkẹ́rùsí ni Táyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Billbrook, ó ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù gorí àjà. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, ó ku èmi àti Hárúkò àti ọmọ. Èdè Jámánì tèmi kéré, tirẹ̀ náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ara wa yé. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ó tẹrí ba fún mi títí irun rẹ̀ fi bo ojú. Mo yíjú sí Fúnmiláyọ̀, mo ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò ní í mọ ìkúnlẹ̀, ṣé ẹ rí i?”

Ó ní, “Màámi, kò kúnlẹ̀ o.”

Mo ní, “Kí ló ń ṣe nígbà náà? Ṣé owó rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ tó ń wá?”

Nígbà tí mò ń wẹ ọmọ, tí mò ń na apá rẹ̀, tí mò ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, Hebamme, agbẹ̀bí tó ń wá wo ìyá àti ọmọ nílé, bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ojú obìnrin náà yọ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Hárúkò ni ó rọra dá a lóhùn pé kó fi mí sílẹ̀, pé Oma mọ ohun tó ń ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bíi pé wọ́n fi mí joyè. Mò ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó ń gún mi láyà. Oma mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹrù kan dé láti ilẹ̀ wọn. Ìyá Hárúkò ló fi í ránṣẹ́. Táyọ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé aláṣọ híhun ni ìyá náà, ní abúlé kan tí gbogbo ilé ti ń hun aṣọ òwú látijọ́, àti pé ẹni tó ń hun ún kò tó nǹkan mọ́ níbẹ̀ báyìí. Hárúkò tú ẹrù náà, ó gbé aṣọ inú rẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi gbé e fún mi. “Láti ọ̀dọ̀ Mama mi,” ó ní. “Fún Baby. Oma, bitte.”

Ìyá mi, ká ní ẹ rí aṣọ náà! Wọ́n ká a jọ rógódó bí ẹní. Ìbú rẹ̀ kò ju láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú u ló ń gùn, ó ti ojú fèrèsé pálọ̀ lọ dé ẹnu ilẹ̀kùn àbájáde, ó sì tún kù. Ó dúdú bí aṣọ tí ẹ bá ti rì sínú aró lẹ́yìn tí àwọn aládùúgbò ti ní ó tó. Àwọn ẹyẹ funfun wà lára rẹ̀, etí ìyẹ́ wọn kò gún régé, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bíi pé wọ́n ṣì ń fò. Mo gbé e símú bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Òórùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ló ń rùn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé òkèèrè yẹn, mo di ọmọ kékeré.

Ṣé ẹ rántí? Òfì yín dúró ti ògiri, ọ̀pá kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òwú á sì yí àwọn méjèèjì po bí òrùka. Ẹ máa ń jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ẹ ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bí òwú kan bá já, ẹ ó fi itọ́ lọ́ ọ padà láìwojú rẹ̀, ẹ ó sì máa bá ẹni tó ń kọjá lọ sọ̀rọ̀. Kíjìpá yín kì í gbó. Nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ àti òpin rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ẹ ó pè mí. Ẹ ó fi abẹ lé mi lọ́wọ́, ẹ ó fi ọwọ́ yín bo tèmi, a ó sì jọ gé òwú tó ṣẹ́kù láàárín. Aṣọ á wó lulẹ̀ sí ẹsẹ̀ yín bí ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ ó pàtẹ́wọ́, ẹ ó ní: “Aṣọ tí a kò gé kò tí ì ní olúwa.” Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá rán abala mẹ́ta pọ̀ ní etí, yóò di ìró, yóò di aṣọ ìpọnmọ. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń kọ́ híhun lọ́dọ̀ yín, Àṣàbí náà gbìyànjú rẹ̀. Èmi ò ní sùúrù. Gígé nìkan ni mo mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ tóóró gbọọrọ fún mi, tó ní ti ọmọ ni, kí lẹ rò pé mo rò? Mo rò pé iṣẹ́ ló gbé fún ìyá ọkọ rẹ̀. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, ó ku tèmi. Ní ọjọ́ kejì, òun àti Táyọ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ nínú pálọ̀. Mo fi apá wọ̀n ọ́n. Mo mú àlùmọ́gàjí Hárúkò, mo gbàdúrà sí i, mo ní Olúwa, jẹ́ kí ọmọ yìí lo aṣọ yìí gbó, kó sì tún lo òmíràn gbó. Mo sì gé e.

Mo gé abala mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán wọn pọ̀ ní etí. Ojú rírán náà kéré bí ẹyin èèrà, mò ń sọ ọ́ fún ara mi pé bí Ìyá mi bá rí èyí, wọ́n á ní ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ níkẹyìn. Mò ń kọrin nígbà tí wọ́n dé.

Hárúkò ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó rí aṣọ lórí itan mi, ó rí èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀, ó sì dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ọmọ, èkejì lọ sí ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ó tẹrí ba fún mi. “Danke, Oma,” ó ní. “Schön.” Ó dúpẹ́, ó ní ó dára. Ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo gbọ́ tó gbé omi kaná. Omi hó, ó dákẹ́. Ó tún tan iná sí i, ó tún hó, ó tún dákẹ́. Kò sí tíì tó jáde wá.

Táyọ̀ ni ó dúró tì mí. “Màámi, kí lẹ ṣe?”

“Aṣọ ìpọnmọ ni. Wá wo etí rẹ̀ bó ṣe gún.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e?”

“Ta ló máa ń ní kí n gé aṣọ? Ṣé odindi rẹ̀ ni kí n fi pọn ọmọ, kó máa wọ́ tẹ̀lé mi dé Berlin?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó sì ń fi ìka tọ ara ẹyẹ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Ìgbà náà ló ṣàlàyé fún mi. Ìyá Hárúkò kò rẹ aṣọ náà láró lẹ́yìn tó hun ún. Òwú ló kọ́kọ́ dì, bí àwọn aládìrẹ ṣe ń fi ìko di aṣọ, ṣùgbọ́n òwú lásán ni, kò tí ì di aṣọ rárá. Ó rì í sínú ẹlú, ó tú u, ibi tó dì funfun. Lẹ́yìn náà ló tó gbé e sórí òfì, funfun kọ̀ọ̀kan sì ń wá ẹnìkejì rẹ̀ kàn títí wọ́n fi di ẹyẹ. Kásúrì ni wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó máa bà lé: ti èjìká, ti ẹ̀yìn, àwọn tó máa pàdé ní ẹ̀gbẹ́, ní ọjọ́ tí Àdùkẹ́ bá dàgbà tí wọ́n bá fi rán aṣọ ilẹ̀ wọn fún un. Wọ́n á gé e náà, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá yẹn ti rò ó sí kó tó di òwú àkọ́kọ́ ni wọ́n á ti gé e. Hárúkò gbé e fún mi kí n wò ó, kí n súre sí i ni.

Mo ní, “Kí wọ́n hun òmíràn. Màá sanwó rẹ̀.”

Ó ní, “Màámi, ọwọ́ wọn ti ká. Wọn ò lè di òwú mọ́. Èyí ló kẹ́yìn.”

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Èèyàn á kúnlẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ á bínú, á sọ̀rọ̀ burúkú, á pe ìran ẹni, àwọn àgbà á dá sí i, omi á sì tòrò. Ìbínú rẹ̀ ni ilẹ̀kùn, ibẹ̀ la ń gbà wọlé tọ̀ ọ́. Mo lọ bá Hárúkò nínú yàrá, mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi. Ó pariwo, “Nein, Oma, nein!” Òun náà kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ, mo tún lọ sílẹ̀ sí i. Ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Táyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, kò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé dìde. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì,” ó ní, “orúnkún Màámi ò dáa o. Bí wọ́n bá pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, Krankenwagen ilé ìwòsàn la máa pè.” Ọmọ bú sẹ́kún, a sì dìde. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wa kò bá wa dìde. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Mo pe Fúnmiláyọ̀ lórí fóònù, mò ń sunkún.

“Màámi, ṣebí ó ní kò burú? Kí lẹ tún ń fẹ́?”

“Mo fẹ́ kó bú mi.”

“Ẹ máa bọ̀ ní Berlin. Èmi á bú yín dáadáa.”

Àwọn ọmọ yìí rò pé àwàdà ni. Ta ni mo lè rán sí i? Àgbà wo ló wà láàárín wa tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, tó sì mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ mi túmọ̀ sí?

Kí n tó kúrò ní Hamburg, wọ́n pe ìyá Hárúkò lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Obìnrin kékeré kan ni, orí rẹ̀ funfun, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ tó tẹ́ sórí itan. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, Táyọ̀ sọ ọ́ ní Jámánì, Hárúkò sọ ọ́ ní èdè wọn. Ẹ̀bẹ̀ tó rìn jìnnà tó yẹn, mi ò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìyá náà fetí sílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Hárúkò ní Mama rẹ̀ fẹ́ rí aṣọ náà. Hárúkò lọ gbé abala mẹ́ta tí mo ti rán pọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, mo fi aṣọ náà pọ̀n ọ́n, mo so ó le dáadáa bí ẹ ṣe kọ́ mi. Àdùkẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Nítorí kí ìyá náà lè rí ọmọ àti aṣọ, mo kẹ̀yìn sí fóònù.

Mo gbọ́ ohùn kan láti inú rẹ̀. Ohùn kúkúrú ni. Nígbà tí n ó fi yí padà, ìpè náà ti já.

Mo bi Hárúkò pé, “Ṣé ẹ̀rín ló rín? Ṣé ẹkún ni?” Táyọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Hárúkò ń fi aṣọ ìnujú ọmọ nu ojú ara rẹ̀. Ó ní, “Alles gut, Oma.” Ohun gbogbo dára. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ní fún mi.

Ẹ̀yin ni aláṣọ híhun. Ẹ̀yin lẹ lè sọ fún mi. Bí ẹ bá rí aṣọ tí ẹ fi ọwọ́ tó kẹ́yìn hun, tí wọ́n gé níbi tí kò yẹ, tí ọmọ ọmọ yín sì ń sùn nínú rẹ̀, irú ohùn wo ló máa jáde lẹ́nu yín?

Mo ti padà sí Berlin. Táyọ̀ ń fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́. Nínú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi gbé e mọ́ àyà, ohun onírin àti onílásítíìkì. Mò ń wo ẹ̀yìn wọn nínú fọ́tò, mò ń wo orí àga, mò ń wo ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mi ò rí ẹyẹ kan ṣoṣo. Táyọ̀ ní Hárúkò ká aṣọ náà pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù, ó fi bébà wé e, ó gbé e sínú àpótí. Bí mo bá béèrè ìgbà tí n óò tún wá, Hárúkò á dáhùn pé láìpẹ́, Oma, láìpẹ́, á sì tẹrí ba nínú fóònù. Ọmọ kì í pẹ́ gbàgbé ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé láìpẹ́ yìí ò ní dé, pé ọmọ-ọmọ mi máa dàgbà sí ilé tí wọ́n ti ń kí mi dáadáa, tí wọn ò sì ní fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́ mọ́.

Mo pe Àṣàbí, mo ní kó wá ẹni tó máa hun kíjìpá tó gùn tó èyí tí mo gé, kí n fi san án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Àǹtí mi, ṣé ẹ ti gbàgbé òfì Màmá ni? Òrùka ni! Ibi tó gùn dé náà ló gùn dé. Bó bá jẹ́ gígùn lẹ ń wá, ẹ lọ bá àwọn ọkùnrin aláṣọ-òkè.” Òótọ́ ló sọ. Òfì yín kò lè hun ohun tí mo bàjẹ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi àgbà rèé, àkísà ni mo fi aṣọ ọmọdé dá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùka yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àṣàbí ní ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ṣì ń hun díẹ̀díẹ̀, àti pé òpó òfì yín ṣì wà lára ògiri. Mo ní kí ẹni náà hun ẹyọ kan fún mi, kó rẹ òwú rẹ̀ nínú ẹlú, kó hun ún dé òpin, kó yọ ọ̀pá rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ láìgé.

Àṣàbí ní, “Aṣọ tí wọn ò gé, báwo ni wọ́n ṣe máa ró o? Ṣé ọrùn ni wọ́n máa kó o sí bí ìlẹ̀kẹ̀?”

Mi ò lè ṣàlàyé fún un. Mo fẹ́ kó dé iwájú Hárúkò bó ṣe wà lára òfì yín, kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, kí n sì gbé abẹ lé e. Bó bá fẹ́, kó fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kí ìyá náà gé e níbi tó bá wù ú. Bí Hárúkò bá fi ìbínú gé e, mo ti rí ilẹ̀kùn. Bó bá pè mí kí n wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, á, Ìyá mi! Ṣùgbọ́n bó bá tẹrí ba, tó ní “Danke, Oma, schön,” tó fi bébà wé e, tó gbé e sínú àpótí lórí èkejì ńkọ́? Kí ni kí n ṣe nígbà náà? Kí lẹ máa ń ṣe sí òwú tí kò já, àmọ́ tí kò gba ìlọ́?

Mi ò rí ẹni bi. Igba yúrò ni mo fi ránṣẹ́ sí Àṣàbí lónìí, owó òwú, owó ẹlú àti owó iṣẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún wọn dáadáa pé kí wọ́n má gé e.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń fún ní abẹ.